Ogun Ukraine, Búrẹ́dì Ìkéré àti Ìbò Èkìtì: Èwo Ni Ogun Ṣe, Èwo Ni A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe?

Ìyá kan tí ó ń ta búrẹ́dì ní Ìkéré-Èkìtì ni ó béèrè pé: "Ní ọdún 2022, àwọn oníbẹ́kìrì sọ fún wa pé ogun Ukraine ni ó jẹ́ kí wọ́n fi owó lé búrẹ́dì. Ní àkókò yẹn kan náà ni àwọn olóṣèlú ń náwó ìpolongo ní ìpínlẹ̀ wa, tí a ń ṣe àríyá, tí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ọmọ mi sì ń kún ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ṣé ogun ni lóòótọ́, àbí àwáwí ọlọ́jà? Bí ó bá jẹ́ ogun, kí ló dé tí owó náà kò padà sílẹ̀ mọ́, kí sì ló dé tí ogun náà kò kan bọ́ọ̀lù àti ìbò?"

Ẹ ṣeun, ìyá wa, tí ẹ kọ̀wé. Kí n má bàa fi yín sí orí ìdúró, èsì mi ni pé òótọ́ ni àwọn oníbẹ́kìrì sọ fún yín, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ tán. Ogun tí ó ń jà ní ọ̀nà jíjìn ní ojúnà tí ó ń gbà wọ ilé ẹni, ohun tí kò bá sì sí ní ojúnà yẹn, ogun kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àlìkámà wà níbẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀. Ìbò gómìnà kò sí níbẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Ní ti owó tí ó kọ̀ tí kò padà sílẹ̀, ẹjọ́ náírà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ àwọn tí ń yìnbọn.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022 ni Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine. Nínú gbogbo àlìkámà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn lágbàáyé nígbà náà, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tí ó ń ti ọwọ́ àwọn méjèèjì yìí wá. Àwa náà kì í gbin èyí tí yóò tó wa jẹ. Àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín ní Kánò, Jígáwá, Kébbí àti Borno, síbẹ̀ ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àlìkámà tí Nàìjíríà ń lò tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá. Àwọn kan máa ń jiyàn pé kì í ṣe Rọ́ṣíà nìkan ni a ti ń rà á, pé a ń rà ní Amẹ́ríkà àti ní Kánádà pẹ̀lú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé nígbà tí àwọn oníbàárà Rọ́ṣíà àti Ukraine kò rí ọjà gbà mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tà fún wa ni gbogbo wọn rọ́ lọ. Ní Chicago, níbi tí àwọn oníṣòwò ọkà àgbáyé ti ń ná àlìkámà, nǹkan bíi dọ́là 8 ni wọ́n ń ta òṣùwọ̀n bushel kan kí ogun tó bẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ó ti kọjá dọ́là 12.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbé e wọ inú bẹ́kìrì. N ó lo iye tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, kí ìṣirò náà lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Ká sọ pé 400 náírà ni oníbẹ́kìrì ń ná lórí búrẹ́dì kan kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, tí fùláwà kó ìdajì rẹ̀, ìyẹn 200 náírà. Kì í ṣe àlìkámà nìkan ni owó fùláwà: owó lílọ̀ wà níbẹ̀, owó àpò wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ láti èbúté Èkó wá sí Èkìtì wà níbẹ̀, èrè àwọn tí ó tà á lọ́wọ́ dé ọwọ́ sì wà níbẹ̀. Bí a bá wá ka ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sí àlìkámà, ó jẹ́ nǹkan bíi 133 náírà. Bí àlìkámà bá fi ìdajì iye rẹ̀ gbówó sí i, bí ó ṣe ṣe ní oṣù Kẹta yẹn, ohun tí yóò kún owó búrẹ́dì náà kò ju 67 náírà lọ. Búrẹ́dì tí ó jẹ́ 400 yóò di 467. Ẹni tí ó bá fi ogun gbèjà iye tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì gbọ́dọ̀ tún fi ohun mìíràn hàn wá.

Ohun mìíràn náà sì wà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò tó 300 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, ó ti kọjá 700. Kò sí bẹ́kìrì ńlá kan tí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba ní apá ibí yìí, nítorí pé fùláwà tí a bá ti pò kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń po ó lọ́wọ́, kí wọ́n yára tan jẹnẹrétọ̀ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yíìsì yóò ti ṣiṣẹ́ kọjá ààlà kí iná tó dé, búrẹ́dì tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde yóò kan, yóò sì rì láàárín. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá ti kó 40 náírà péré nínú 400 tí a ń wí, ìlọ́po tí mo sọ yẹn yóò sọ ọ́ di nǹkan bíi 100. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó búrẹ́dì fi 60 náírà kún un, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àlìkámà tí gbogbo ayé ń pariwo dọ́gba.

Ṣé ogun ni ó gbé dísẹ́ẹ̀lì lọ sókè? Ogun ni. Rọ́ṣíà ni ó ń ta púpọ̀ nínú dísẹ́ẹ̀lì tí Yúróòpù ń lò nígbà náà, epo rọ̀bì sì kọjá dọ́là 130 fún àgbá kan fún ìgbà díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì ogun náà. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ni nìyí, orílẹ̀-èdè tí ń wa epo rọ̀bì ni wá. Bí ilé ìfọpo Port Harcourt, Warri àti Kaduna bá ń ṣiṣẹ́ ni, epo rọ̀bì ìbá wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó yẹn ìbá máa yí po láàárín wa. Ní ọdún 2022, kò sí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Nítorí náà, lọ́dún yẹn a ń ta epo rọ̀bì sí òkè òkun, a sì ń fi dọ́là ra dísẹ́ẹ̀lì padà, ọwọ́ tí ń gbà kò sì bá ọwọ́ tí ń san dọ́gba.

Ẹ béèrè ìdí tí owó náà kò fi padà sílẹ̀. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé yín, nítorí pé àwọn tí ó kàwé pàápàá kì í sábà béèrè rẹ̀. Àlìkámà padà sílẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí oṣù Keje ọdún 2022 ń parí lọ, iye rẹ̀ ní Chicago ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ó wà kí ogun tó bẹ́. Ọjọ́ 22 oṣù yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Istanbul pé kí ọkọ̀ ọkà Ukraine máa gba Òkun Dúdú kọjá láìséwu, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì kúrò ní Odesa ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ. Bí ó bá jẹ́ pé ogun nìkan ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí ẹ ti rí ìyàtọ̀ ní Ìkéré kí ọdún yẹn tó parí, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lọ àlìkámà bá ti lo èyí tí wọ́n fi owó gọbọi rà tán.

Ẹ kò rí i, nítorí pé náírà ń ṣubú ní gbogbo àsìkò yẹn. Dọ́là kan tí ó kù díẹ̀ kí ó pé 600 náírà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣẹ́ owó ní ìta báńkì nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti kọjá 700 ní ìparí oṣù Keje. Báńkì ní iye tirẹ̀ tí ó kéré sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń kó ọjà wọlé ni ó ń rí dọ́là gbà ní iye yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń gbà wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníbẹ́kìrì ńláńlá dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin láti ọjọ́ 13 oṣù Keje, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ìjọba mú owó ìdá 15 nínú 100 tí ó ń gbà lórí àlìkámà kúrò. Owó yẹn ti wà kí ogun tó dé. Ogun kò fi kọ́bọ̀ kan kún un ju pé ó sọ ohun tí a ń gbà á lé lórí di ọ̀wọ́n lọ.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀ jù mí lọ. Kí oníbẹ́kìrì tó fi owó lé búrẹ́dì, ó sábà máa ń kọ́kọ́ dín in kù. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń gé fùláwà pípò náà kí wọ́n tó ká a sínú agolo. Bí ọ̀bẹ bá fà sẹ́yìn díẹ̀, iye kò yí padà, ọ̀rá kò yí padà, àmọ́ ẹnu ọ̀rá náà yóò máa gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nígbà tí wọ́n bá so ó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ owó yóò wá gòkè. Bí nǹkan bá rọ̀, yóò rọrùn fún un láti fi díẹ̀ kún ìwọ̀n ju kí ó dín iye kù, nítorí náà ìrọ̀rùn tí ó bá dé pàápàá lè gba ẹ̀gbẹ́ oníbàárà kọjá láìjẹ́ pé ó mọ̀. N kò ka èyí sí olè jíjà. Bí a ṣe ń ṣòwò ní ìlú tí kò sí ẹni tí ó mọ iye tí dọ́là yóò jẹ́ lọ́la nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohun tí ogun gbé wá kọ̀ tí kò lọ mọ́. Nígbà ogun Hitler, láti ọdún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba ríra gbogbo kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Ogun parí ní 1945. Dípò kí wọ́n fi kòkó sílẹ̀ fún ọjà, wọ́n dá àjọ tí ń ra kòkó Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1947, ọdún 1986 ni ìjọba sì tó tú irú àjọ bẹ́ẹ̀ ká. Àwọn àgbẹ̀ Èkìtì tí ó gbin kòkó láàárín ọdún wọ̀nyẹn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò tí ogun bí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìbò. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a rántí ni pé gbogbo ètò rẹ̀ ti to kí Rọ́ṣíà tó gbéra. Ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ni PDP ṣe ìdìbò abẹ́lé, APC sì ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 27. Ọjọ́ kejì tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu Òfin Ìdìbò tuntun, mo sì lè sọ pé òfin yẹn ni ó gba ẹnu àwọn olóṣèlú ilé wa ju Ukraine lọ. Nàìjíríà dá sí ọ̀rọ̀ ogun náà ní tirẹ̀: ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, ó wà lára orílẹ̀-èdè 141 tí ó dìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí Rọ́ṣíà kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò. Ọjọ́ 4 oṣù náà ni ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó sá àsálà kúrò ní Ukraine balẹ̀ sí Abuja. Fún òbí tí ọmọ rẹ̀ wà lára wọn, ogun yẹn kò jìnnà rárá.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, Bíọ́dún Oyèbánjí ti APC rí ìbò 187,057, Ṣẹ́gun Òní tí ó kúrò ní PDP lọ sí SDP rí 82,211, Bísí Kọ́láwọlé ti PDP sì rí 67,457. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí a ní, Ẹ̀fọ̀n nìkan ni APC kò ti borí. Ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè ní Abuja nígbà tí ọ̀wọ́ngógó ọjà ń lọ sókè láti ìdá 15.7 nínú 100 ní oṣù Kejì sí 18.6 ní oṣù Kẹfà ni ó tún gba Èkìtì. Àwọn àjòjì máa ń fi èyí sọ pé àwa kò mọ ohun tí ń ṣe wá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ará Èkìtì mọ̀ pé kò sí gómìnà tí ó lè sọ iye tí fùláwà yóò jẹ́, nítorí náà kò fi búrẹ́dì ṣe òṣùwọ̀n ẹni tí yóò yàn. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀nà àti ẹni tí ọmọ ìlú rẹ̀ jẹ́ ni ó fi ń wọ̀n wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbàgbé pé nínú àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 990,000, nǹkan bíi 360,000 ni ó jáde wá dìbò. Àwọn tí ó jókòó sílé lè ti sọ ọ̀rọ̀ tiwọn nípa iye ọjà bẹ́ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé a kò ní àpótí tí a lè fi ka ìyẹn ni.

Owó ìpolongo tí ẹ rí, òwò ni òun náà. Ẹni tí ń yá àga àti ìbòrí, onílù, onítẹ̀wé, télọ̀ tí ń rán aṣọ ẹgbẹ́, awakọ̀ tí ń kó èrò lọ sí ibi ìpéjọpọ̀, gbogbo wọn rí iṣẹ́ láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà, ní àkókò tí iṣẹ́ mìíràn ń falẹ̀. N kò fi èyí gbè sẹ́yìn dìbò-kí-o-sebẹ̀, tí àwọn tí ń ṣọ́ ìdìbò sọ pé àwọn rí, tí EFCC sì mú àwọn kan lé lórí. Síbẹ̀, ó yẹ kí a sọ ọ́ bí ó ṣe rí: nígbà tí ọjà bá wọ́n, owó díẹ̀ tí wọ́n ń fi ra ìbò a máa tóbi lójú ẹni tí kò tíì jẹun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí yóò rà kéré sí ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Bí ogun bá dé inú ìbò wa rárá, ibẹ̀ ni ó gbà dé.

Ibi kan wà tí ogun náà ìbá ti ṣe Èkìtì láǹfààní. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ lóṣooṣù ni a fi ń san púpọ̀ nínú owó oṣù wa, epo rọ̀bì sì ni ó yẹ kí ó bù kún un. Ọdún tí epo wọ́n jù lọ láti ìgbà pípẹ́ ni NNPC ń kọ̀wé lóṣooṣù pé òun kò ní nǹkan láti dá sínú àpò náà, nítorí pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti gbé e mì. Trílíọ̀nù mẹ́rin náírà ni àwọn aṣòfin fọwọ́ sí fún ìrànwọ́ yẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Àwọn olè epo náà kò sì sinmi. Ní oṣù Kẹjọ, àgbá tí a ń wà lójúmọ́ kò tó mílíọ̀nù kan mọ́.

Ìrànwọ́ yìí gan-an ni ó sì dáhùn ìbéèrè yín lórí ilé ìwòran ọmọ yín. Búrẹ́dì ń jó dísẹ́ẹ̀lì, tí kò sí ìrànwọ́ lórí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti dẹ́kódà ń jó bẹntiróò, tí ìjọba fi sí 165 náírà, tí ó di nǹkan bíi 180 ní àárín ọdún. Ọ̀wọ́n bẹntiróò tí ó wà ní oṣù Kejì àti Kẹta yẹn, tí àwọn kan kà sí ogun lọ́rùn, kò kan ogun: epo tí wọ́n kó wọlé tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó fà á, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé DStv fi owó kún tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n tí a bá pín in sí orí àwọn èrò tí ń jókòó wo eré kan, kò tó ohun tí yóò lé wọn lọ.

Ogun sì wọ inú bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de Roman Abramovich tí ó ni Chelsea, wọ́n fi ààlà sí bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì lè ta aṣọ mọ́ títí wọ́n fi ta ẹgbẹ́ náà ní ìparí oṣù Karùn-ún. Wọ́n gbé àṣekágbá Champions League kúrò ní St Petersburg lọ sí Paris. Àwọn ọmọ Chelsea ní Adó àti ní Ìkéré bínú, wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì padà wá wo èyí tí ó tẹ̀ lé e; aṣọ Chelsea tí wọ́n wọ̀ náà, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù Chelsea ni púpọ̀ nínú wọn ti rà á. Ohun tí ó pa àwọn onílé ìwòran lára lọ́dún yẹn wà nílé: ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Ghana ní Abuja ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, tí ó sọ Super Eagles di òǹwòran ní ìdíje Qatar, àti ìyanṣẹ́lódì ASUU láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, tí ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ó dá mi lójú pé àwọn tí ń ta búrẹ́dì ní ìlú méjèèjì yẹn fi ojú winá ìyanṣẹ́lódì náà ju ogun lọ.

Ààbò tí ilé ìwòran ní tán ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí bẹntiróò sì fò láti abẹ́ 200 náírà kọjá 480 káàkiri orílẹ̀-èdè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìpinnu Abuja ni ìyẹn, Rọ́ṣíà kò mọ̀ sí i. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kí ó máa fi iye lítà epo kan dá owó ìwọlé rẹ̀. Ẹ̀yin náà, nígbàkigbà tí oníbẹ́kìrì bá tún sọ pé ogun ti dé, ẹ bi í ní iye tí ó ra àpò fùláwà tí ó kẹ́yìn àti iye tí ó ra dísẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì gbé búrẹ́dì rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó gba iye tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.